Ìrora Òru Tí Àwọn Ọmọkùnrin Wa Ń Fi Pamọ́

Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ní ìrora kan tó jẹ́ ti ọkùnrin nìkan. Wákàtí díẹ̀ péré ló wà láti fi gba ara sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ìtìjú ló sì sábà máa ń jẹ wákàtí ọ̀hún tán.

Aago mẹ́ta òru ti kọjá. Gbogbo ilé ti sùn, àfi ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìndínlógún kan tó jókòó sétí ibùsùn rẹ̀, tó di ìrọ̀rí mọ́ra, tó ń fi eyín gé ètè jẹ kí igbe má bàa jáde lẹ́nu rẹ̀. Nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ ti le láti nǹkan bí aago kan, kò sì rọ̀. Kò ronú obìnrin, kò lálàá kankan. Ó kàn jí ni, ó bá a bẹ́ẹ̀, ó sì ń ta á bí ẹni pé wọ́n fi okùn dì í.

Màmá rẹ̀ wà ní yàrá kejì. Láti kékeré rẹ̀ ni ìyá yìí ti ń gbé e pọ̀n lọ sílé ìwòsàn nígbàkigbà tí eegun bá ń ro ó. Bí ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, yóò ké. Bí àyà ni, yóò ké. Àmọ́ lóru yìí, kò lè ké. Kí ni kó wí?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló dé tí kò tíì múra ilé ìwé.

"Kò sí nǹkan, Màámi. Orí ló kàn ń fọ́ mi díẹ̀."

A kò dárúkọ ọmọ yìí, nítorí pé kì í ṣe ọmọ kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ilé tí ọmọkùnrin tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wà ló ti ní irú òru bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn òbí mọ̀, ì báà jẹ́ ní Èkó tàbí Kánò, ní Ẹnúgu tàbí Calabar. Àwọn dókítà mọ̀ ọ́n dáadáa. Priapism ni wọ́n ń pè é. Ìwádìí fi hàn pé bí ọ̀kan nínú ọkùnrin mẹ́ta tó ní àrùn náà ló máa ń rí i nígbà kan tàbí òmíràn. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tó kọ́kọ́ mú wọn.

Àrùn tó ń dáni wólẹ̀ lónìí, tó ń gbéni dìde lọ́la

Àwọn tó sọ àrùn yìí ní fòníkú-fọ̀ladìde wò ó kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Lónìí, aláìsàn ń yí lórí ẹní, ará ilé ti ń sunkún. Lọ́la, ẹ ó rí i níta tó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Àwọn ará Gánà náà ní orúkọ tiwọn. Àwọn Gáà ń pè é ní chwechweechwe, orúkọ tó ń fara wé bí ìrora náà ṣe ń jẹ eegun léraléra. Dókítà ọmọ Gánà nì, Felix Konotey-Ahulu, tọpa àrùn náà nínú ìdílé tirẹ̀ padà sẹ́yìn títí dé 1670. Ọdún 1910 ni dókítà James Herrick ní Chicago tó kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn òyìnbó. Èyí fi hàn pé ó ti pẹ́ tí àwọn ìyá wa ti mọ̀ ọ́n. Nínú ilé míì, àbíkú ni wọ́n ń pe ọmọ tó ní in, wọ́n á sì máa fi abẹ kọ ọ́ lára, nígbà tó jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni wàhálà wà.

Sẹ́ẹ̀lì pupa tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá rí róbótó, ó sì rọ̀, ó lè gba inú iṣan tó tín-ín-rín jù lọ kọjá. Ó máa ń lo nǹkan bí ọgọ́fà ọjọ́ kó tó kú. Ti ẹni tó jẹ́ SS yàtọ̀. Bí atẹ́gùn bá dín kù lára rẹ̀, ó máa ń le, ó máa ń tẹ̀ bíi dòjé, ó sì máa ń há sínú iṣan. Ọjọ́ mẹ́wàá sí ogún ló ń lò. Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi máa ń dín kù, tí ojú rẹ̀ fi máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí ìrora sì lè bẹ̀rẹ̀ ní ibikíbi tí ẹ̀jẹ̀ bá ń gbà lára.

Kò sí orílẹ̀-èdè tó ní àwọn ọmọ SS tó Nàìjíríà. Iye tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń sọ ni pé nǹkan bí 150,000 ọmọ ni wọ́n ń bí pẹ̀lú rẹ̀ lọ́dọọdún níbí. Bí ọ̀kan nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin ló sì ń gbé S ẹyọ kan nínú ẹ̀jẹ̀ láìṣàìsàn.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nínú iṣan

Bí nǹkan ọkùnrin bá máa le, ẹ̀jẹ̀ ni yóò rọ́ wọnú rẹ̀, ọ̀nà tó ń gbà jáde á sì tì fún ìgbà díẹ̀. Tó bá yá, ọ̀nà á ṣí, ẹ̀jẹ̀ á padà, ara á rọ̀. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tó bá dúró sójú kan pẹ́, atẹ́gùn inú rẹ̀ máa ń tán. Ẹ sì ti gbọ́ ohun tí sẹ́ẹ̀lì SS máa ń ṣe bí atẹ́gùn bá tán: ó máa ń tẹ̀, ó máa ń há. Àwọn tó há á wá dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá ti wọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lórí afárá rí mọ bó ṣe ń rí. Ọkọ̀ kan ló kọ́kọ́ bà jẹ́, kí ẹ tó ṣẹ́jú, kò sí ẹni tó lè lọ síwájú tàbí padà sẹ́yìn.

Ìyẹn ni pé kò kan ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ rárá. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ lójú oorun tàbí ní ìdájí. Nígbà míì, kò ní pẹ́ tó wákàtí kan tí yóò fi lọ fúnra rẹ̀, táá tún padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èyí tó ń wá tó ń lọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìkìlọ̀. Ó lè di ọjọ́ kan tí yóò wá, tí kò sì ní lọ.

Bó bá ti kọjá wákàtí mẹ́rin, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ọkọ̀ gbá. Ẹran ara tí atẹ́gùn kò dé á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, àpá á sì rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá fi wé ọjọ́ kan gbáko kó tó lọ sílé ìwòsàn lè má tún lè bá ìyàwó sùn bó ṣe yẹ mọ́ títí ayé rẹ̀. Èyí tó dunni jù níbẹ̀ ni pé bó bá tètè débẹ̀, dókítà lè fi abẹ́rẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ tó há náà jáde, kó sì fún un ní oògùn tí yóò jẹ́ kí ara rọ̀.

Kí ló dí wọn lẹ́nu?

Yorùbá ní ohun tó bá ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, òdìkejì rẹ̀ là ń rí. Ohun tó ń dùn wọ́n jù ni wọn kì í sọ.

Ọmọdé ń bẹ̀rù pé wọn yóò ní ó ti ń ṣe ìṣekúṣe. Bó bá wà nílé ìwé tí wọ́n ń gbé, ó ń bẹ̀rù pé wọn yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí yóò fi parí ẹ̀kọ́. Àgbàlagbà tó bá sì fẹnu kan án létí ọ̀rẹ́, ẹ̀rín ló máa ń gbà. "Ìwọ rí ọ̀fẹ́ tìẹ, àwọn kan ń fowó wá a kiri!" Bó bá ti gbọ́ ìyẹn lẹ́ẹ̀kan, kò tún ní sọ ọ́ mọ́.

Àwọn míì á ní wọ́n ti fi mágùn sí ìyàwó ẹnì kan fún un. Ilé babaláwo tàbí orí òkè àdúrà ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé e lọ, wákàtí á sì máa lọ. Àdúrà dára, ẹ lè gbà á nínú ọkọ̀ tó ń gbé yín lọ sílé ìwòsàn. Àwọn kan á gbé àgbo fún un mu tàbí kí wọ́n gbé yìnyín lé e. Yìnyín yẹn léwu, nítorí òtútù máa ń mú kí sẹ́ẹ̀lì SS túbọ̀ tẹ̀.

Ohun tó tún wà nídìí rẹ̀ ni bí a ṣe ń tọ́ ọmọkùnrin. Láti kékeré la ti ń sọ fún un pé ọkùnrin kì í sunkún. Ọmọ SS tó jẹ́ ọkùnrin gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ju àwọn tó kù lọ, nítorí pé ara tó ń fìyà jẹ ẹ́ ti jẹ́ kó máa rò pé òun kò tó ọkùnrin. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kọ́ bó ṣe máa pa ẹnu mọ́.

Bí òru bá dé

Ohun tí àwọn dókítà ń kọ́ àwọn tí wọ́n ń tọ́jú kò ṣòro. Ó yẹ kí ọmọ mọ̀ ọ́n kí òru ọ̀hún tó dé.

Kó wo aago lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó bá jí, kó lè mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Kó lọ tọ̀, nítorí pé ìtọ̀ tó kún inú máa ń dá kún un. Kó mu omi dáadáa. Kó lo oògùn ìrora tí dókítà ti ní kó máa lò. Kó fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ̀, kó sì rìn yíká ilé tàbí kó máa gun àtẹ̀gùn sókè sódò díẹ̀díẹ̀. Kó má fi yìnyín sí i, kó má mu ọtí, kó má sì gbìyànjú láti fi ìbálòpọ̀ lé e lọ.

Bó bá di wákàtí méjì tí kò rọ̀, kí wọ́n gbéra. Ẹ má jẹ́ kí wákàtí mẹ́rin bá yín nílé. Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà ní gbangba fún ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá rí: ọmọ SS ni, nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ ti le láti aago báyìí, kò sì rọ̀. Bí ẹ bá kàn ní inú ló ń run ún, orí ìlà ni wọn yóò fi yín sí.

Èyí tó ń wá tó ń lọ náà, ẹ má fi mọ sílé. Ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá lọ fún àyẹ̀wò, nítorí oògùn wà tí dókítà lè fi dín in kù. Àwọn dókítà wa nílé níbí náà kò fọwọ́ lẹ́rán. Ní Aminu Kano Teaching Hospital ní Kánò, wọ́n ti ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an láàárín àwọn ọkùnrin tó ní àrùn náà. Bí àwọn ọkùnrin ọ̀hún ṣe lè la ẹnu ní Kánò, a lè la ẹnu níbi gbogbo.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó ti dàgbà: ẹ ṣọ́ra fún oògùn agbára ọkùnrin tí wọ́n ń tà nínú ọkọ̀ àti ní gáréèjì. Ó lè dá ohun tí ẹ ń sá fún sílẹ̀.

Kò mọ sí ibẹ̀ yẹn nìkan

Ọmọkùnrin SS sábà máa ń pẹ́ kó tó bàlágà. Ohùn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti kẹ̀, irùngbọ̀n á ti máa hù, òun á ṣì dà bí ọmọdé láàárín wọn. Yóò dé ọ̀dọ̀ wọn bópẹ́ bóyá, ó kàn yẹ kí ẹnì kan sọ bẹ́ẹ̀ fún un ni. Egbò tó máa ń yọ lọ́rùn ẹsẹ̀, tó máa ń gba oṣù tàbí ọdún kó tó san, ń mú ọkùnrin ju obìnrin lọ. Oríkèé ìbàdí lè bà jẹ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ tí kò dé eegun, kí ọ̀dọ́mọkùnrin sì máa tiro. Ẹni tó ń fi agbára jẹun, bíi bíríkìlà tàbí alágbàrù, lè pàdánù iṣẹ́ lórí ìyẹn. Ó dára kí òbí ti tètè ronú iṣẹ́ tí kò ní gba agbára jù fún un.

Oògùn kan tó ti ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ni hydroxyurea. Ó máa ń dín iye ìgbà tí ìrora ń dé kù. Ní Kánò àti Kàdúná, wọ́n ti lò ó fún àwọn ọmọdé kí àrùn rọpárọsẹ̀ má bàa kọ lù wọ́n, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń lò ó ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ pé ó lè dín iye àtọ̀ tó lè di ọmọ kù. Bí ó bá ń gbèrò láti bímọ, kó bá dókítà sọ ọ́. Kó má ṣe kàn dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, bí àwọn kan ti máa ń ṣe.

Ẹ̀yin bàbá, ìdajì wá láti ọwọ́ yín

Ní ọ̀pọ̀ ilé, bí ọmọ bá jẹ́ SS, ìyá ni wọ́n ń wò. Wọ́n á ní ìdílé rẹ̀ ni àrùn ti wá. Irọ́ ni. S méjì ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, èkejì láti ọ̀dọ̀ bàbá.

Bí ọkọ bá jẹ́ AS, tí aya náà jẹ́ AS, ọ̀nà mẹ́rin ni ẹ̀jẹ̀ wọn lè gbà pàdé nínú oyún kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan á bí AA, méjì á bí AS, ọ̀kan á bí SS. Oyún kọ̀ọ̀kan ni a ní o. Kì í ṣe pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́. Nígbà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dá owó ẹyọ náà sílẹ̀ lákọ̀tun.

Ọkùnrin tó jẹ́ SS fúnra rẹ̀ lè fẹ́yàwó, ó sì lè bímọ. Bó bá fẹ́ ẹni tó jẹ́ AA, kò sí ọmọ wọn kankan tí yóò ní àrùn náà. AS ni gbogbo wọn yóò jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní àrùn yìí ti pinnu lọ́kàn pé ìgbéyàwó kò sí fún àwọn, nítorí pé kò sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé èyí fún wọn.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó fẹnu kò sórí ìgbéyàwó, kì í ṣe lọ́sẹ̀ tí wọ́n ti pín aṣọ ẹbí tán. Bí ọmọ SS bá sì ti wà nílé, bàbá ni ó yẹ kó bá ọmọkùnrin sọ ọ̀rọ̀ tí ìyá lè máa tijú láti sọ. Bí bàbá kò bá sí, kí ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí àbúrò ìyá bá a sọ ọ́.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà

Kò sí ẹni tó lè dá gbé àrùn yìí. Ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, àjọ Sickle Cell Foundation Nigeria wà, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akínyanjú dá sílẹ̀ ní 1994. Ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ló sì ní ẹgbẹ́ tí àwọn tó ní àrùn náà àti òbí wọn ti máa ń pàdé. Ẹ béèrè rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ yín. Ìyá àti obìnrin ló sábà máa ń kún irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Bí ọkùnrin méjì tàbí mẹ́ta bá lè máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbẹ̀, tí ẹni ogójì ọdún ń sọ fún ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún pé "àbúrò, èmi náà ti rí i rí, ohun tí mo sì ṣe nìyí," ohun tí ìwé pélébé ẹgbẹ̀rún kan kò lè ṣe ni wọ́n ṣe yẹn.

Àwọn tó kù náà níṣẹ́. Olùkọ́ lè jẹ́ kí ọmọ SS máa mu omi nínú kíláàsì, kó sì jáde lọ tọ̀ nígbà tó bá fẹ́ láìbéèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ lè yé pe ẹni tó bá pa iṣẹ́ jẹ nítorí ìrora ní ọ̀lẹ. Pásítọ̀ àti àáfà lè sọ ọ́ lórí pẹpẹ àti lórí mínbárì pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í ṣe mágùn. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá, tó ti lé lọ́dún méjìdínlógún, sì lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní báǹkì ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Ìgbà tí ẹbí bá ti ń sáré kiri wọ́ọ̀dù ni ọ̀pọ̀ wa ń rántí ẹ̀jẹ̀, nígbà tó yẹ kó ti wà nílẹ̀.

Ìrètí ń bẹ. Ní 2011, àwọn dókítà ní University of Benin Teaching Hospital ní Ìlú Benin fi mùdùnmúdùn inú eegun ẹlòmíì wo ọmọ SS kan. Ní ìparí 2023, Bírítéènì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú tó ń tún nǹkan ṣe láti inú sẹ́ẹ̀lì aláìsàn fúnra rẹ̀. Owó rẹ̀ ṣì ju ohun tí apá ọ̀pọ̀ ìdílé wa ká. Ṣùgbọ́n ohun tí yóò gba ọmọkùnrin tó wà lórí ibùsùn lóru yìí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Aago ni, omi ni, owó ọkọ̀ ni, àti ẹnì kan tó lè sọ ọ́ fún.

Ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún àrùn yìí. Ẹ má dúró de ọjọ́ náà. Bí ọmọkùnrin SS bá wà nílé yín, tó ti ń sún mọ́ ọdún mẹ́wàá, ẹ pè é jókòó lálẹ́ òní. Ẹ sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ fún un, ẹ sọ pé kò ní jẹ́ ẹ̀bi rẹ̀, ẹ sì sọ pé ìgbà yòówù kó jẹ́ lóru, kó kan ilẹ̀kùn.

Nígbà tí òru ọ̀hún bá wá dé, kò ní máa fi eyín gé ètè jẹ. Yóò dìde, yóò rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá kejì, yóò sì ké sí Màámi.